Wọ́n yọ owó orí nínú owó iṣẹ́ mi: ṣé ó ti lọ nìyẹn?

Oníwáyà Mowé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iléeṣẹ́ kan l'Ékòó gbé iṣẹ́ waya iná ilé alájà kan fún mi, ₦1,500,000 lápapọ̀, owó iṣẹ́ àti ti ohun èlò. Business Name ni mo fi forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ìṣòwò sílẹ̀, kì í ṣe Limited. Akọ̀wé owó wọn ní àwọn máa yọ 5% sílẹ̀ fún ìjọba, ₦75,000 nìyẹn. Ṣé iye yẹn tọ́? Ṣé owó náà ti lọ nìyẹn? Ṣé ìjọba tún máa béèrè òmíràn lópin ọdún? Mowe, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mò ń gbé.

Àkántáǹtì Bódìjà
Iye yẹn ò tọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ yọ ni à ń pè ní WHT, owó orí àyọsílẹ̀. Ìlànà tó ń darí rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2025. Nínú rẹ̀, 2% ni ti ilé kíkọ́, 2% ni ti títa ọjà fún iléeṣẹ́, 2% náà sì ni ti àwọn iṣẹ́ yòókù tí kò ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Iṣẹ́ waya rẹ, ibi yòówù kí wọ́n tò ó sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 2% ló máa jẹ́. Nínú ₦1,500,000, ₦30,000 nìyẹn, kì í ṣe ₦75,000.

Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn ni 5% wà fún: lọ́yà, àkántáǹtì, ayàwòrán ilé, ẹni tí wọ́n gbà fún ìmọ̀ràn tàbí àbójútó, àti owó kọmíṣọ̀n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ínfọ́ìsì rẹ ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa ń kọ "technical services", tó bọ́ sí ìsọ̀rí 5%, síbẹ̀ torí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ńlá. Akọ̀wé owó ò mọ̀ ọ́, ohun tó kà ló máa tò. Kọ ohun tí o ṣe gan-an: wíwáyà ilé alájà kan, yàrá mélòó, ohun èlò eélòó, owó iṣẹ́ eélòó.

Ohun kejì tó lè sọ iye náà di púpọ̀ ni nọ́ńbà owó orí. Ẹni tí kò bá ní, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ: 4%, ₦60,000. Láti January 2026, NIN ló ń ṣiṣẹ́ nọ́ńbà owó orí fún ẹni kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà RC láti CAC sì ni ti iléeṣẹ́. Nítorí náà, kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yọ 4% lọ́wọ́ ẹni tó ní NIN.

Ìbéèrè rẹ kejì: owó náà ò lọ. Owó orí tìrẹ tí wọ́n bá ọ san sílẹ̀ ni. Lópin ọdún, ìwọ yóò ṣírò owó orí lórí èrè rẹ, wàá yọ ₦30,000 yìí kúrò nínú rẹ̀, wàá sì san èyí tó kù. Àmọ́ ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí á san án lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá Rìsíìtì
Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ jẹ́ ká fi ara balẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́.

Dandan ni fún ẹni tó yọ owó láti fún yín ní rìsíìtì tàbí ìwé ìyọkúrò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ẹni tó fún yín: orúkọ àti àdírẹ́sì yín, NIN tàbí nọ́ńbà owó orí, irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe, àpapọ̀ owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kan, iye tí wọ́n yọ, àti oṣù tí ìsanwó náà bọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ Business Name, kí wọ́n kọ orúkọ ìṣòwò àti orúkọ ẹni tó ni ín pọ̀. Tí orúkọ ìṣòwò nìkan bá wà níbẹ̀, ẹni tó wà ní kóńtà owó orí lè sọ pé òun ò mọ ẹni tó ni ín.

Alert báǹkì tó fi ₦1,470,000 hàn kì í ṣe rìsíìtì. Ó fi hàn pé owó kù, kò fi ibi tí èyí tó kù lọ hàn. Payment voucher náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì dúró di March, tí a ń kó ìwé owó orí sílẹ̀, kí ẹ tó lọ béèrè. Ẹni tó ṣe ìwé ìsanwó yín ní May lè ti kúrò níbi iṣẹ́ kí ó tó di December, ẹni tuntun á wá ní òun ò rí fáìlì. Bí wọ́n bá san owó lẹ́ẹ̀mẹta, rìsíìtì mẹ́ta ni ẹ máa gbà.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta
Gbogbo ohun tí Màmá sọ dára, ṣùgbọ́n rìsíìtì lè pé kí owó ṣì lọ sí àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Oníwáyà, fetí sí èyí dáadáa torí ibi tí ò ń gbé.

Owó tí wọ́n bá yọ lára iléeṣẹ́ Limited, Nigeria Revenue Service (NRS) ló ń gbà á, ìyẹn àwọn tí à ń pè ní FIRS tẹ́lẹ̀. Gbèdéke wọn ni ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀lé e. Owó tí wọ́n bá yọ lára ẹni kọ̀ọ̀kan, tí Business Name sì wà lára rẹ̀, ìpínlẹ̀ tí onítọ̀hún ń gbé ló ni ín, gbèdéke ibẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 30. Ibi tí ò ń gbé ni mo wí o, kì í ṣe ibi tí o ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gbé ní Mowe, tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Lekki, ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń san owó orí fún, kì í ṣe Èkó. Ibi tí ilé rẹ wà ní January 1 ọdún náà ni wọ́n máa wò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: akọ̀wé owó rí "Ventures" tàbí "Enterprises" nínú orúkọ, ó rò pé iléeṣẹ́ ni, ó fi owó náà ránṣẹ́ sí NRS. Tàbí kó rí i pé Èkó ni iṣẹ́ wà, kó fi ránṣẹ́ sí LIRS, àjọ owó orí Èkó. Ní March, wàá gbé rìsíìtì dé Abẹ́òkúta, wọn ò ní rí kọ́bọ̀ lórúkọ rẹ.

Dí i kó tó ṣẹlẹ̀. Kọ ọ́ sísàlẹ̀ ínfọ́ìsì lédè tí akọ̀wé owó máa kà: "Business Name, not a limited company. WHT payable to Ogun State (OGIRS)." Bó bá ti ṣẹlẹ̀, kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n ṣàtúnṣe àkójọ orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún oṣù yẹn, kí o so rìsíìtì mọ́ ọn. Àwọn ló fi owó ránṣẹ́, àwọn ló lè tún un ṣe. Ìwọ fúnra rẹ ò lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkẹjà dé Òkè-Mosàn l'Abẹ́òkúta kí o gbé e wá.

Oníwáyà Mowé
Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n tún máa dá 5% dúró fún oṣù mẹ́fà bóyá nǹkan á bàjẹ́. Ṣé lórí gbogbo ₦1,500,000 ni wọ́n máa yọ WHT ní báyìí, àbí lórí èyí tí mo gbà? Wọ́n sì ní kí n bá àwọn san owó ìwé àṣẹ kan, àwọn á dá a padà.

Àkántáǹtì Bódìjà
Ìgbà tí wọ́n bá sanwó ni wọ́n ń yọ ọ́. 5% tí wọ́n dá dúró jẹ́ ₦75,000 (nọ́ńbà kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n fẹ́ yọ lákọ̀ọ́kọ́, má jẹ́ kí wọ́n da méjèèjì pọ̀). Nítorí náà, ₦1,425,000 ni wọ́n ń san báyìí, 2% rẹ̀ jẹ́ ₦28,500, ₦1,396,500 ló sì máa wọ àkáǹtì rẹ. Nígbà tí wọ́n bá tú ₦75,000 sílẹ̀, wọ́n á yọ ₦1,500. Àròpọ̀ rẹ̀ padà sí ₦30,000. Rìsíìtì méjì, oṣù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn kejì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Owó ìwé àṣẹ: kò yẹ kí wọ́n yọ WHT lára owó tí o bá wọn ná, bí ó bá ṣe é yà sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí ínfọ́ìsì, ẹ̀dà rìsíìtì ìwé àṣẹ náà lẹ́yìn rẹ̀. Tí o bá lù ú pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́, wọ́n á yọ 2% lára rẹ̀, á sì tún dà bí ẹni pé ó jẹ́ owó tó wọlé fún ọ.

Má fi VAT, owó orí tí oníbàárà ń san lórí ọjà àti iṣẹ́, sórí ínfọ́ìsì bí o kò bá forúkọ sílẹ̀ fún un. Èyí tí o bá gbà lọ́wọ́ oníbàárà lórúkọ VAT, ti ìjọba ni, àní bí o kò bá yẹ lẹ́ni tó ń gbà á.

Káfíńtà Òṣogbo
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń kan àga fún ilé-ìwé aládàáni. Wọ́n yọ 2%. Ṣé èmi náà gbọ́dọ̀ gbà?

Àkántáǹtì Bódìjà
Bí àga náà bá jẹ́ èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn ní ṣọ́ọ̀bù yín, ìlànà náà yọ ọjà tí ẹni tó ń tà á ṣe fúnra rẹ̀ kúrò nínú WHT. Ẹ kọ ọ́ sórí ínfọ́ìsì pé ẹ̀yin lẹ kàn án. Bí ẹ bá ra àga wá láti ibòmíràn kí ẹ tó tà á fún wọn, ìyẹn ò sí lára ohun tí wọ́n yọ kúrò yìí, wọ́n á yọ WHT lára rẹ̀. Bákan náà, oníbàárà tó kàn yà wọ ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú rẹ̀, tó sanwó lójú ẹsẹ̀ tó gbé àga rẹ̀ lọ, kò sí WHT níbẹ̀, ì báà jẹ́ kaṣì, ì báà jẹ́ tiransifáà.

Ohun mìíràn tún wà. Bí ilé-ìwé náà bá kéré gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe ka iléeṣẹ́ kékeré, tí ẹ ní nọ́ńbà owó orí, tí owó tí wọ́n san fún yín lóṣù yẹn kò sì ju ₦2,000,000 lọ, kò kàn wọ́n ní dandan láti yọ nǹkan kan.

Bọ̀dá Àlẹ̀
Ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ gùn. Gbogbo alert tó bá ti wọlé ni ìjọba máa gba owó orí lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ máa gba kaṣì, ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta
Bọ̀dá, iléeṣẹ́ tó ní ìwé àdéhùn ò ní fún un ní ₦1,500,000 nínú àpò ọ̀rá. Owó orí wà lórí èrè, kì í ṣe lórí alert. Owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́ fún ìsìnkú, àjọ tí o kó, owó tí o yá, kò sí èyí tó jẹ́ èrè níbẹ̀. Wàhálà wà níbi tí gbogbo wọn bá gba inú àkáǹtì kan ṣoṣo, tí kò sí ẹni tó lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́. Ẹ kọ nǹkan tó yéni síbi àlàyé tiransifáà: "waya, ilé Lekki, ìsanwó kejì" sàn ju "thanks" lọ.

Oníwáyà Mowé
Báwo wá ni ìṣirò òpin ọdún ṣe máa rí? Ẹ fi nọ́ńbà hàn mí.

Àkántáǹtì Bódìjà
Ká ní gbogbo iṣẹ́ rẹ ní 2026 jẹ́ ₦6,400,000. Waya, páìpù, súwíìṣì, owó ọkọ̀, owó ọmọ iṣẹ́, títún irinṣẹ́ ṣe, gbogbo rẹ̀ ₦3,600,000, rìsíìtì rẹ̀ sì pé. Èrè rẹ jẹ́ ₦2,800,000.

Ilé tí ò ń gbé, ₦600,000 ni owó rẹ̀ lọ́dún. Òfin owó orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, gbà ọ́ láàyè láti yọ 20% owó ilé, kó má sáà ti ju ₦500,000 lọ. 20% ti ₦600,000 jẹ́ ₦120,000. Ó ku ₦2,680,000 tí wọ́n máa gba owó orí lórí rẹ̀.

₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, 15% ni. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn, 18%. Tìrẹ dúró sí ìpele kejì: ₦2,680,000 dín ₦800,000 jẹ́ ₦1,880,000, 15% rẹ̀ jẹ́ ₦282,000.

Bí gbogbo oníbàárà bá yọ 2%, WHT rẹ jẹ́ ₦128,000. Yọ ọ́ kúrò: ₦154,000 ni o máa san.

Wá wò ó bí kò bá sí rìsíìtì ohun èlò. Bí wọ́n bá kọ gbogbo ìnáwó rẹ, orí ₦6,280,000 ni wọ́n máa ṣírò: ₦330,000 ní ìpele 15%, ₦590,400 ní ìpele 18%, ₦920,400 lápapọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦638,400. Ìwé pélébé tí àwọn onísọ́ọ̀bù ń fún ọ ní ọjà Àlàbá, tí ò ń fi nu ọwọ́, ló gbé owó yẹn dání. Ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà torí yíǹkì orí bébà kékeré yẹn máa ń parẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni kí o fi tọ́jú wọn.

Màmá Rìsíìtì
Mo fi kún un: kó ìwé ìṣirò rẹ fún ìpínlẹ̀ rẹ kí March 31 tó kọjá. Ti èrè 2026, March 31, 2027 ni. Èrè 2025 ṣì wà lábẹ́ òfin àtijọ́, ìpele owó orí rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Àkántáǹtì kọ sókè yìí, ẹ má fi ₦800,000 yẹn ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò bá kó ìwé sílẹ̀, ìtanràn inú òfin tuntun jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e.

Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 náà, kó kó ìwé sílẹ̀. Owó orí rẹ̀ jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n WHT tí wọ́n ti yọ ti wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí kò bá kó ìwé, kò sí bó ṣe máa béèrè rẹ̀ padà tàbí kó gbé e lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Ìwé yìí náà ni wọ́n fi ń gba Tax Clearance, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ò jẹ owó orí, èyí tó máa ń fi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn hàn, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba máa ń béèrè kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fúnni.

Pẹ́ńtà Ìkòròdú
Ṣé kò ní dára kó sọ ọ́ di Limited? Mo gbọ́ pé wọn ò kí ń san owó orí mọ́.

Amòfin Agége
Ìdajì òótọ́ ni. Iléeṣẹ́ tí àpapọ̀ owó tó wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦100,000,000 lọ, tí dúkìá rẹ̀ tó dúró gbọin kò sì ju ₦250,000,000, 0% ni owó orí èrè rẹ̀, owó ìdàgbàsókè 4% kò sì kàn án. Ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó orí ti ìjọba àpapọ̀ tún ka iléeṣẹ́ kékeré mọ́ àwọn tí kò yẹ kí wọ́n yọ WHT lára owó tó ń wọlé fún wọn. Àmọ́ òfin yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀ràn kúrò lára iléeṣẹ́ kékeré, bó ti wù kí owó wọn kéré tó.

Lẹ́yìn náà, owó iléeṣẹ́ kì í ṣe owó rẹ mọ́. Bí o bá gba owó oṣù níbẹ̀, PAYE, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, wà lórí rẹ̀. Bí o bá pín èrè, WHT 10% ni. Ìwé sì pọ̀ sí i: ti NRS wà, ti CAC wà, àní bí owó orí bá jẹ́ òdo. Fún ẹni tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,800,000, èmi ò ní torí owó orí nìkan sọ ọ́ di Limited. Ìdí tó lágbára jù ni gbèsè: nínú Business Name, bí waya bá jó ilé oníbàárà, ìwọ àti ohun ìní rẹ ni wọ́n máa dojú kọ. Iléeṣẹ́ Limited dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni ọ̀tọ̀.

Business Name náà ní ìwé tirẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbàgbé: annual return, ìwé ìròyìn ọdọọdún, ní CAC kí June 30 tó kọjá lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí ọdún tí o forúkọ sílẹ̀. Bó bá ti pẹ́ tí o kò ti ṣe é, CAC á kọ ọ́ sí "inactive", iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ọ sì lè rí i.

Ní ti ₦75,000 tí wọ́n dá dúró: kó wà nínú àdéhùn pé ọjọ́ wo ni oṣù mẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ parí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "lẹ́yìn iṣẹ́", torí pé wọ́n lè ní iṣẹ́ ò tíì parí títí ayé. Bí wọn ò bá san án, Èkó ní kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kékeré láti 2018, lábẹ́ Májísíréètì, fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Lẹ́tà ìbéèrè gbèsè ló máa ń ṣáájú, fọ́ọ̀mù SCA 1 ni. Èèyàn lè lọ síbẹ̀ láìgba lọ́yà, 60 ọjọ́ sì ni wọ́n fi ṣe gbèdéke kí ẹjọ́ fi parí.

Oníwáyà Mowé
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún ínfọ́ìsì kọ: ìlà kan fún owó iṣẹ́, ìlà kan fún ohun èlò, ìlà ọ̀tọ̀ fún ìwé àṣẹ, Business Name àti OGIRS nísàlẹ̀. Mo kọ NIN mi síbẹ̀ náà kí wọ́n má bàa yọ 4%.

Màmá Rìsíìtì
Yọ NIN kúrò lórí ínfọ́ìsì, ọmọ mi. Ínfọ́ìsì yẹn máa kọjá lọ́wọ́ fọ́máànù, máníjà, àti WhatsApp ẹni mélòó kan kó tó dé ibi tó ń lọ. Fi NIN ránṣẹ́ sí ímeèlì akọ̀wé owó nìkan, kí o kọ "Tax ID: sent separately" sórí ínfọ́ìsì. Kí o sì ní kó fi ímeèlì dá ọ lóhùn pé ó ti rí i gbà, kí wọ́n tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.